Kòkòrò dúdú lábẹ́ igi wíwó: báwo la ṣe ń mọ ẹ̀yà tó jẹ́?

Ìbéèrè: Mo yí igi kan tó ti wó, tó sì ti ń jẹrà nínú igbó. Mo rí kòkòrò dúdú kan lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán, ó gùn tó nǹkan bíi mílímítà 15, eré rẹ̀ sì pọ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì mú un. Áàpù orí fóònù mi pè é ní orúkọ kan. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa kòkòrò pè é ní òmíràn. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó tọ̀nà? Bó bá sì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́ lórúkọ rí ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí fọ́tò, tí ẹ mú kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò ju ọ̀kan lọ, òun ni gbogbo ìyókù ń tẹ̀ lé: ohun tí kòkòrò fi yàtọ̀ sí ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ ló ń sọ orúkọ rẹ̀. Bí a bá ń dá a mọ̀, ìyàtọ̀ yẹn la ń wá. Bí a bá ń ṣàpèjúwe ẹ̀yà tuntun, ìyàtọ̀ yẹn kan náà la ń kọ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí i.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ jọ ti Carabidae, ìyẹn ẹbí àwọn kòkòrò tó ń sáré lórí ilẹ̀. Ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá inú ẹbí náà ló wà lóòótọ́. Ẹbí ńlá ni. Nǹkan bíi 40,000 ẹ̀yà ló ti ní orúkọ nínú rẹ̀. Orí ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé, òru ni wọ́n sábà máa ń jáde, wọ́n sì ń pa ekòló, ìgbín àti ìdin jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn nìkan kọ́ ni kòkòrò dúdú tó ń fi abẹ́ igi jíjẹrà ṣe ilé. Àwọn Tenebrionidae, ẹbí mìíràn, wà níbẹ̀, àwọn náà dúdú, wọ́n sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹ fi awò ka oríkèé tó wà ní ìpẹ̀kun ẹsẹ̀, lẹ́yìn ojúgun. Carabidae ní márùn-ún lórí ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tenebrionidae ní márùn-ún lórí ẹsẹ̀ iwájú àti ti àárín, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló ní lórí ti ẹ̀yìn. Ẹ tún wo ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí rẹ̀: ti Carabidae ní oríkèé 11, ìdí rẹ̀ sì hàn gbangba láàárín ojú àti ẹ̀mú ẹnu. Ti Tenebrionidae, abẹ́ etí orí ló fi ìdí pamọ́ sí.

Èyí tó dájú jù wà lábẹ́. Ẹ dá kòkòrò náà dùbúlẹ̀ kó kọjú ikùn sókè. Ìgbáròkó ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Carabidae gùn wọ inú ikùn débi pé ó la abala àkọ́kọ́ ikùn sí méjì, apá ọ̀tún rẹ̀ kò kan apá òsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni nǹkan roboto gígùn kan wà ní ìdí itan. Bí ẹ bá ti rí méjèèjì, ẹ má ṣiyèméjì mọ́, Carabidae ni.

Bóyá ó tilẹ̀ ti fi òórùn sọ fún yín nígbà tí ẹ mú un. Àpò kékeré méjì wà ní ìdí wọn tó ń tu omi kíkan tàbí omi olóòórùn. Àwọn Carabidae tí à ń pè ní Brachinus ló le jù: wọ́n ń po kẹ́míkà nínú ara wọn, ohun tí wọ́n sì ń yìn jáde máa ń gbóná tó ìwọ̀n 100 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá nì, jẹ nínú ìyà omi kíkan yìí nígbà tó ń kàwé ní Cambridge. Ó ya èèpo igi, ó rí kòkòrò méjì tó ṣọ̀wọ́n, ó fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Ni ẹ̀kẹta bá yọjú. Kó má bàa pàdánù rẹ̀, ó sọ èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún sẹ́nu. Omi náà jó o láhọ́n, ló bá tu kòkòrò dànù. Èyí tó tu lọ, ẹ̀kẹta náà sì bọ́. Torí náà, ẹ lo ìgò kékeré, ẹ má sì fi ọwọ́ tí ẹ fi mú un kan ojú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí áàpù àti ọ̀rẹ́ yín fi sọ orúkọ méjì. Fọ́tò tí a yà láti òkè máa ń fi àwọ̀ àti ìrísí gbogbo ara hàn, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ni ẹlẹ́rìí tó ń purọ́ jù nínú ẹbí yìí. Poecilus cupreus nìkan, ẹ lè rí èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, èyí tó pọ́n bíi bàbà, èyí tó búlúù, àti èyí tó dúdú, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ipò tí ìdin ti ń di àgbà máa ń rọ̀, á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ títí èèpo rẹ̀ yóò fi le; ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé ẹ̀yà pupa ni. Ní ìdàkejì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà dúdú ló wà tó gùn ní mílímítà 15, tó ń dán, tó sì ń sáré lábẹ́ igi. Mi ò sọ pé áàpù kò wúlò. Ó lè gbé yín dé ìdílé tó sún mọ́ ọn, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré inú ẹbí, tí orúkọ rẹ̀ máa ń ṣáájú nínú orúkọ ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n bó bá dárúkọ ẹ̀yà tààrà fún irú kòkòrò yìí, ẹ gbà á bí àbá lásán.

Ibi tí ó yẹ kí ojú yín lọ ni irun. Kì í ṣe irun wẹẹrẹ tó bo ara àwọn kan, àwọn irun gígùn tó dá dúró, tí ipò wọn kì í sábà yí padà, ni mò ń wí. Mélòó ló wà lókè ojú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tàbí méjì? Àwọn Harpalini, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ẹbí Carabidae, ní ọ̀kan; àwọn Pterostichini, ẹ̀ka mìíràn, ní méjì. Ṣé irun kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta ẹ̀mú ẹnu, nínú kòtò tó wà níbẹ̀? Àwọn ẹ̀ka Trechini àti Bembidiini ní in, àwọn Pterostichini kò ní. Mélòó ló wà ní etí apata ọrùn (èèpo líle tó wà lẹ́yìn orí gan-an), ṣé ọ̀kan sì wà ní igun ẹ̀yìn gan-an? Ìbéèrè mẹ́ta yìí nìkan lè dín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀yà kù di ìwọ̀nba. Irun a máa já o, pàápàá lára kòkòrò tó ti dàgbà tàbí tó ti jà nínú ìgò. Nítorí náà, ihò tí irun ti hù ni kí ẹ wá. Bí irun bá já, ihò rẹ̀ kò lọ síbì kan.

Lẹ́yìn irun, ó kan èèpo ẹ̀yìn, ìyẹn ìyẹ́ òkè méjì tó le, tó bo ẹ̀yìn kòkòrò náà. Poro tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló sábà máa ń lọ láti èjìká dé ìdí lórí apá kọ̀ọ̀kan, bí poro ṣe ń la àárín ebè kọjá lóko. Ibi tí èèpo méjèèjì ti pàdé la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ebè. Ebè kẹta ló lọ́rọ̀ lẹ́nu jù. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀yà méjì inú igbó Yúróòpù ṣàlàyé, torí pé àwọn ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí sábà máa ń bá wọn pàdé. Pterostichus oblongopunctatus, tí Fabricius sọ lórúkọ ní 1787, gùn ní nǹkan bíi mílímítà 9 sí 12. Ó ní ihò ńlá bíi mẹ́rin sí méje lórí ebè kẹta, wọ́n jìn débi pé ẹ lè rí wọn láìlo awò bí ìmọ́lẹ̀ bá dára. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn gan-an ń tọ́ka sí ihò gbọọrọ. Abax parallelepipedus, tó ti ní orúkọ láti 1783, kò ní ihò kankan lórí ebè kẹta. Ó fẹ̀, ó tóbi jù ú lọ, nǹkan bíi mílímítà 17 sí 22, ebè keje rẹ̀ sì ta sókè ní èjìká di ìlà mímú kan. Bí ti yín bá gùn ní mílímítà 15, ó ti jáde kúrò nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà mọ̀ ọ́n ni kí ẹ dì mú.

Ohun kan tún wà lára Abax yìí tó máa ń da ènìyàn rú. Èèpo ẹ̀yìn abo rẹ̀ sábà máa ń ṣú, ti akọ sì ń dán. Ẹni tó bá tò wọ́n sórí tábìlì láìmọ̀ á pín wọn sí ẹ̀yà méjì. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Nínú ọ̀pọ̀ Carabidae, oríkèé mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ìpẹ̀kun ẹsẹ̀ iwájú akọ fẹ̀, irun tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan sì kún abẹ́ wọn. Òun ló fi ń di abo mú.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀ lórí akọ, torí pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń parí. Ẹ̀yà méjì lè jọra lórí, ní ọrùn, ní ẹ̀yìn, kí ẹ máà rí ohunkóhun tí ẹ lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi ẹ̀yà ìbísí akọ tó wà nínú ikùn. Inú igbó Japan ni àpẹẹrẹ tó ń wú mi lórí jù lọ ti wá. Carabus maiyasanus àti Carabus iwawakianus jẹ́ ìbátan tí ilẹ̀ wọn pààlà síra wọn. Ẹ̀yà ìbísí akọ ní nǹkan líle kékeré kan bí egungun nínú tó gbọ́dọ̀ wọ àpò kan nínú ara abo, ìrísí egungun náà àti ti àpò náà sì bára mu nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Teiji Sota àti Kohei Kubota fi hàn ní 1998 ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí akọ ẹ̀yà kan bá gun abo èkejì: egungun akọ a máa ṣẹ́, awọ inú abo a máa ya, abo mìíràn sì ń kú. Ìyàtọ̀ tí àwa ń fi maikirosíkóòpù wò, àwọn kòkòrò náà ń fi ẹ̀mí wọn san gbèsè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi kì í fi í gba orúkọ ẹ̀yà tó ṣòro yà sọ́tọ̀ láìjẹ́ pé mo rí akọ.

Yíyọ rẹ̀ kò ṣòro tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń bẹ̀rù. Bí kòkòrò náà bá ti gbẹ, ẹ fi omi gbígbóná rọ̀ ọ́. Ẹ gba ojú ìdí wọlé pẹ̀lú ẹ̀mú olórí tín-ín-rín, ẹ rọra fà á jáde. Ẹ rì í sínú pọ́tásíọ̀mù háídírọ́ksáìdì kí ẹran ara tó bò ó lè yọ́, kí ẹ fi omi ṣan án, kí ẹ sì wò ó nínú gilisẹrínì láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè. Ẹ rántí pé bó ṣe dùbúlẹ̀ nínú ikùn kọ́ ni ó ṣe ń dúró nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀. Nínú àwọn Pterostichini, apá tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ àti èyí tó wà lósì kò rí bákan náà, méjèèjì la sì gbọ́dọ̀ yà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sínú ìgò wẹẹrẹ, ẹ gún ìgò náà mọ́ abẹ́rẹ́ kan náà tó gbé kòkòrò dúró. Ẹ̀yà ìbísí tó ti yapa kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

DNA ńkọ́? Ó dára, mo sì ń lò ó. Abala kan nínú DNA maitokọ́ńdíríà (ohun kékeré tó ń pèsè agbára nínú sẹ́ẹ̀lì), tó gùn tó nǹkan bíi lẹ́tà 650, ni ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí fi ń ya ẹ̀yà ẹranko sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gé ẹsẹ̀ kan sínú ẹtanọ́ọ̀lù ìwọ̀n 95 nínú ọgọ́rùn-ún kí ara rẹ̀ tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo àwọn Carabus Japan yẹn: DNA maitokọ́ńdíríà ti rékọjá láti ẹ̀yà kan sí òmíràn nígbà tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra, débi pé kòkòrò tó jẹ́ ẹ̀yà kan ní gbogbo ara lè gbé ti aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá ka lẹ́tà yẹn nìkan á sọ wọ́n di ọ̀kan. Kí DNA àti ara jọ jẹ́rìí ni mo fẹ́.

Kí n tó kúrò lórí ìdámọ̀, ìkìlọ̀ kan nípa àwọn ìwé atọ́nà tó máa ń bi yín léèrè pé “ṣé báyìí ni àbí báyìí?” títí ẹ ó fi dé orúkọ. Àwọn ẹ̀yà agbègbè kan ni wọ́n kọ wọ́n fún. Bí kòkòrò yín kò bá sí lára àwọn tí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀, ìwé náà kò ní dá yín dúró. Yóò fún yín ní orúkọ kan ṣáá, tìgboyà-tìgboyà. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ìparí, ẹ ka àpèjúwe kíkún ẹ̀yà náà, kí ẹ sì bi ara yín bóyá gbogbo rẹ̀ bá èyí tó wà níwájú yín mu. Ẹ tún wò ó bóyá ibi tí ẹ ti rí i wà nínú ilẹ̀ tí a mọ ẹ̀yà náà mọ́.

Ibi tí a ti rí i ṣe pàtàkì gan-an fún kòkòrò inú igbó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè fò mọ́. Ẹ ṣí èèpo ẹ̀yìn, ẹ ó rí i pé ìyẹ́ abẹ́ rẹ̀ ti kúrú di péńpé. Nínú àwọn mìíràn, èèpo méjèèjì ti lẹ̀ pọ̀ pátápátá. Igbó tó ti dúró láti ayébáyé kò lé wọn kiri, oúnjẹ wà nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ di ẹrù lásán. Ẹni tí kò lè fò kò lè sọdá àfonífojì gbígbẹ tàbí odò ńlá. Ìran tó há sórí òkè kan á máa yí padà lọ́tọ̀, títí yóò fi di ẹ̀yà tí kò sí níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni òkè méjì tó kọjú síra wọn ṣe lè ní ẹ̀yà méjì tó jọra bí ìbejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, kí ẹ tó gbàgbé: orílẹ̀-èdè, orúkọ igbó, nọ́ńbà GPS, bí ibẹ̀ ṣe ga tó sí ìpele òkun, ọjọ́, oṣù àti ọdún, orúkọ ẹni tó mú un, àti pé abẹ́ igi jíjẹrà ni. Kòkòrò tó rẹwà tí kò ní ìwé yìí lára kò lè ran ìmọ̀ lọ́wọ́.

Ó wá ku ìbéèrè yín kejì. Bí igbó tí ẹ wà bá jẹ́ ti Yúróòpù, ìrètí ẹ̀yà tuntun kéré, torí pé wọ́n ti ń tú ibẹ̀ láti ìgbà tí Linnaeus, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ọmọ Sweden, ti sọ ìdílé Carabus lórúkọ ní 1758. Nínú igbó ilẹ̀ olóoru, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá, pàápàá lókè igi. Terry Erwin, ọ̀gá nínú ìmọ̀ Carabidae, fín oògùn sí orí igi ní Panama, ó kó ohun tó já bọ́, iye ẹ̀yà tó rí sì mú kó sọ ní 1982 pé ẹ̀yà kòkòrò àti ìbátan wọn ní ilẹ̀ olóoru lè tó 30,000,000. Ọ̀pọ̀ ló ti bá a jiyàn lórí iye náà, ẹnikẹ́ni ò sì jiyàn pé orí igi kún fún ohun tí a kò mọ̀.

Kí a tó sọ pé tuntun ni, a gbọ́dọ̀ fi í wé gbogbo ìbátan rẹ̀ tó ti ní orúkọ, títí kan àwọn orúkọ àtijọ́ tí a ti pa tì. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti sọ ọ́ lórúkọ láti ayé àwọn baba wa, nínú ìlà mẹ́ta ní èdè Látìn, kí kòkòrò náà sì ṣì wà nínú àpótí ní mùsíọ́mù London tàbí Paris. Orúkọ tó kọ́kọ́ jáde ló ni ẹ̀yà náà. Iṣẹ́ yìí máa ń gba àkókò ju àpèjúwe fúnra rẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni aláìnísùúrù máa ń fò. Lẹ́yìn náà, ẹ nílò ju ẹyọ kan lọ, akọ àti abo, kí a lè mọ ohun tó ń yí padà láàárín ẹ̀yà náà. Ìwọ̀nba ni kí ẹ mú, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ẹni tó ni igbó àti ti ìjọba.

Nínú àpèjúwe, ìpínrọ̀ tó sọ ìyàtọ̀ ni ọkàn rẹ̀. “Ó dúdú, ó ń dán, ẹ̀mú ẹnu rẹ̀ lágbára” jẹ́ òótọ́ nípa ẹgbẹ̀rún ẹ̀yà, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ dárúkọ ìbátan tó sún mọ́ ọn, kí ẹ sọ ohun tí èyí ní tí èyíinì kò ní: bóyá etí apata ọrùn rẹ̀ tẹ̀ wọlé kó tó dé igun ẹ̀yìn, iye ihò orí ebè kẹta, bí orí ẹ̀yà ìbísí akọ ṣe tẹ̀. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀: ìbú apata ọrùn pín sí gígùn rẹ̀, gígùn èèpo ẹ̀yìn pín sí ìbú rẹ̀, kí ẹ sì kọ èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù. Òfin àgbáyé tó ń darí orúkọ ẹranko béèrè pé láti ọdún 1931 kí ọ̀rọ̀ wà tó sọ ìyàtọ̀ ẹ̀yà. Lẹ́yìn 1999, a gbọ́dọ̀ dárúkọ kòkòrò tí orúkọ náà so mọ́ títí láé ní pàtó, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí à ń pè ní hólótáìpù, kí a sì sọ ilé àkójọ tí yóò máa wà. Bó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìwé náà ti jáde láti 2012, ó gbọ́dọ̀ wọ ZooBank, ìyẹn àkọsílẹ̀ àgbáyé fún orúkọ ẹranko. Ní ti orúkọ, ẹ lómìnira púpọ̀. Erwin kan náà fi orúkọ Arnold Schwarzenegger, òṣèré fíìmù tó taagun, sọ ọ̀kan nínú àwọn Carabidae ìdílé Agra ní Costa Rica: ó pè é ní Agra schwarzeneggeri ní 2002, nítorí itan àárín akọ rẹ̀ tó ki pọ́pọ́.

Fún èyí tó wà lọ́wọ́ yín báyìí: ẹ wo ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Bí akọ bá ni, ẹ yọ ẹ̀yà ìbísí rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ka irun àti ihò, kí ẹ sì gbé e lọ bá ẹni tó ń kíyè sí ìdílé yẹn ní mùsíọ́mù tó sún mọ́ yín. Bí abo bá ni, tí ẹ kò sì rí akọ lábẹ́ igi kan náà, ẹ kọ orúkọ ìdílé nìkan sí i lára, kí ẹ fi àyè orúkọ ẹ̀yà sílẹ̀ lófo.